Ẹ jẹ́ kí ilé mí: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onílé ìlú Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kọ́lé sí Ìbàdàn tí ẹ sì ń fi gba ayálégbé,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìnáwó. Ilé kíkọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, pàápàá lásìkò tí sìmẹ́ńtì wọ́n bí ojú yìí. Ayálégbé ni mí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ilé onílé nílùú yìí, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni lówó ilé. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Ooru ni.

Ooru inú ilé ni mò ń wí, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kejì, tí kì í sì í tu ni lára títí òjò á fi rọ̀ gidi. Bí a bá ráhùn, ẹ máa ń sọ fún wa pé Ọlọ́run ló ni ojú ọjọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ìta ni Ọlọ́run ṣe. Ojú ọjọ́ inú yàrá, ẹ̀yin àti bíríkìlà yín lẹ jọ ṣe é. Orí páànù ló ti ń wá, òkè síìlìn, ojú fèrèsé, àti ilẹ̀ àyíká ilé. Kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ayálégbé láṣẹ lé lórí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí.

Ní oṣù Kẹta tó kọjá, ìyá mi wá kí wa láti Ọ̀yọ́. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tó máa ń mú ènìyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, yàrá tí a sì fún wọn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo lọ tẹ́ ibùsùn fún wọn. Oòrùn ti wọ̀ láti bíi wákàtí méjì. Mo fẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri, ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Kò sí iná. Mo ṣí fèrèsé dé ibi tó lè ṣí dé, atẹ́gùn kò wọlé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ sùn ní pálọ̀, wọ́n ní rárá, àwọn kò fẹ́ da àwọn ọmọ láàmú.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo gbọ́ ìró omi nílé ìwẹ̀. Mo bá ìyá mi ní ìjókòó lórí táìlì, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kí wọn, wọ́n pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú. Ẹ̀rù tó bà mí lóru ọjọ́ yẹn, n kò fẹ́ kí ó ba ẹnikẹ́ni nínú yín. A gbé wọn jáde sí ẹnu ọ̀nà, a fi aṣọ tútù sí wọn lọ́rùn àti abíyá, ìyàwó mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, a ń fún wọn lómi díẹ̀díẹ̀, títí ojú wọn fi wálẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ la gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní omi ara wọn ló ti gbẹ, pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í mọ̀ ọ́n lára pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn bí ọmọdé ti ń mọ̀ ọ́n, pé ká dúpẹ́ pé a tètè rí wọn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá mi wo ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ilé yín yìí kò mí.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé báwo ni ilé ṣe ń mí. Mo bi ìyá mi, mo bi àwọn kàfíńtà, mo sì fi ojú ara mi ṣọ́ ilé tí mò ń gbé láti òwúrọ̀ dé òru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òrùlé, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti pọ̀ jù. Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin, oòrùn máa ń dúró ṣánṣán lórí wa lọ́sàn-án gangan débi pé òjìji ènìyàn á wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo oṣù Kẹta ló fi ń sún mọ́ ibẹ̀. Ìyẹn ni pé lásìkò tí ooru mú jù lọ lọ́dún, kì í ṣe ojú ògiri ni oòrùn dojú kọ lọ́sàn-án. Orí páànù ni. Bí páànù náà bá tún jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí pupa rúsúrúsú, irú èyí tó wọ́pọ̀ lóde báyìí, á fa èyí tó pọ̀ jù nínú ooru oòrùn náà mu. Á sì máa rọ́ ọ sísàlẹ̀ sórí síìlìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn ju ìdí àwo lọ.

Ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí ní Ọ̀yọ́ ní páànù náà. Bàbá bàbá wọn ló ṣí koríko bẹẹrẹ kúrò lórí rẹ̀. Bẹẹrẹ yìí náà ni àwọn ará ìlú máa ń rù wá bo òrùlé ààfin Aláàfin, òun ni wọ́n sì fi sọ ọdún Bẹẹrẹ lórúkọ. N kò ní kí ẹ padà sí koríko o. Koríko ń jóná, ó ń jò, ejò sì ń sùn sínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé nígbà tí páànù dé, wọn kò wó àjà. Ìyá mi ní igi ni wọ́n tẹ́ dábùú ògiri, wọ́n wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ lókè, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àgbàdo àti ẹ̀lùbọ́ sí. Páànù á gbóná títí á fi máa dún pọ́ pọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n amọ̀ àjà ni ooru náà ń bá pàdé, kò tó sísàlẹ̀ kí alẹ́ tó lé e padà. Ògiri nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná, kì í ṣe inú ibi tí wọ́n ń sùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ìyá mi kò mọ fáànù títí wọ́n fi relé ọkọ, wọn kò sì rántí òru kan tí ooru lé wọn dìde.

Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé báyìí yàtọ̀. Kò nípọn bí ògiri amọ̀, nítorí náà ooru ọ̀sán kì í pẹ́ kó tó là á já. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti lù ú láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà, á mu ún sínú, á wá máa tú u jáde sínú yàrá lóru, nígbà tí ìta ti tutù. Ẹ bọ́ síta láago mọ́kànlá alẹ́ lóṣù Kẹta, kí ẹ tún wọlé, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Oòrùn ọ̀sán ló ń gba oorun lójú wa lóru.

Ṣé àwa ayálégbé kò wá ń ṣe nǹkan kan ni? À ń ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ mọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìwà ọ̀lẹ ló ń mú wa dá yín lẹ́bi. Lówùúrọ̀, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, à ń pa fèrèsé ìlà oòrùn dé, à ń fa kọ́tìnnì bò ó. Lọ́sàn-án à ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ìwọ̀ oòrùn. Mo ti rí i pé kọ́tìnnì inú ilé kò ran ni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ooru ti gba ojú gíláàsì wọlé kó tó kan aṣọ. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ẹní tí mo so kọ́ ìta fèrèsé, tó dá oòrùn dúró kó tó dé gíláàsì. (Onílé mi ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, pé ó ń ba ojú ilé jẹ́.) Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ìta sì tutù ju inú lọ, à ń ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A ti yọ gílóòbù àtijọ́, èyí tó ń gbóná bí ẹyín iná, a fi ti LED sí i. Ìyàwó mi ń se ẹ̀wà àti ẹran ní ìdájí, kí iná gáàsì má baà kún ooru ìrọ̀lẹ́. A ń wẹ̀ kí a tó sùn, a kì í sì í nu ara gbẹ tán. Àwọn ọmọ ti fi fóòmù sílẹ̀, orí ẹní lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn, nítorí fóòmù ń ká ooru mọ́ ni lẹ́yìn. Síbẹ̀, ooru sú sí èyí àbúrò lọ́rùn àti láyà, ó ń họra títí tó fi di egbò.

Àwọn kan kọ́ wa pé ká ta aṣọ tútù sójú fèrèsé. A gbìyànjú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní tí ọyẹ́ ń fẹ́, ó tura gan-an. Ní oṣù Kẹta, ńṣe ni yàrá wúwo bí ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ti pọn omi gbígbóná sí. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí ti àmù. Omi inú àmù ń tutù nítorí pé ó ń rọra yọ lára ìkòkò, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbà á lọ, ó sì ń gba ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígáwá, fi ki ìkòkò kan sínú òmíràn, tó fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, tí tòmátò àti ẹ̀fọ́ fi ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó bàjẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni Jígáwá. Afẹ́fẹ́ Ìbàdàn lóṣù Kẹta ti mu omi yó, láti òkun ló ti ń bọ̀, kò ní àyè fún omi aṣọ wa. Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́ ni kí afẹ́fẹ́ náà máa rìn kọjá lára wa. Afẹ́fẹ́ tó ń rìn, kì í ṣe èyí tó dúró.

Fáànù ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn nígbà tí iná bá wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ kìlọ̀ pé bí ooru bá kọjá 40°C, fáànù á máa fẹ́ iná sí ni lára ni. Ìta Ìbàdàn kì í sábà dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sí abẹ́ páànù òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wò ó fúnra yín. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, NiMet, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, jáde láti kìlọ̀ fún gbogbo ìlú nípa ooru. Wọ́n ní ká máa mu omi, ká sì yé rìn lóòrùn. Ta ni yóò wá kìlọ̀ fún ẹni tó sá fún oòrùn wọlé, tó wá bá ooru nínú ilé?

Èsì tí mo gbọ́ lọ́dọ̀ onílé mi, tí ọ̀pọ̀ ayálégbé sì ti gbọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ni pé, “Ẹ ra éésì.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, fò sókè láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Bí éésì kékeré kan bá ń jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan, tí a sì tàn án fún wákàtí mẹ́jọ lóru, ₦1,800 nìyẹn ní iye owó ìgbà náà. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ₦54,000. Ní ọdún 2024 yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000. A kò tíì ra éésì náà o. Àwọn tí kò sí ní Band A ńkọ́, tí iná kì í dúró fún wọn dé wákàtí mẹ́jọ? Jẹnẹrétọ̀ ló kù fún wọn, èéfín rẹ̀ sì ń wọ yàrá aládùúgbò, aládùúgbò á wá ti fèrèsé pa nínú ooru. Nínú èéfín yẹn, gáàsì kan wà tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, ó ti pa odidi ìdílé mọ́ ojú oorun ní ilẹ̀ yìí, kì í ṣe ìgbà kan, kì í ṣe ìgbà méjì. Éésì pàápàá, ooru tó bá kó kúrò nínú yàrá ọlọ́rọ̀, ojú fèrèsé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń dà á sí. N kò bá ẹni tó ní i jà. Mò ń sọ pé kò lè jẹ́ òun ni èsì fún ilé tí wọ́n kọ́ lọ́nà tí kò fi lè mí.

Ẹ wo fèrèsé. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ẹ ti ń yọ lúfà, ẹ ń fi sláídìn sí i. Mo mọ̀ pé lúfà kò lẹ́wà lójú ẹni, pé olè ń fa gíláàsì rẹ̀ yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé eruku ń gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí lúfà, gbogbo ojú fèrèsé ló ṣí. Sláídìn kì í ṣí ju ìdajì lọ láé, torí ìdajì kan gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn ìkejì. Ìyẹn ni pé ilé tí ẹ ti yọ lúfà mẹ́wàá tí ẹ fi sláídìn mẹ́wàá rọ́pò, fèrèsé márùn-ún lẹ ti dí pa. Bí lúfà kò bá wù yín mọ́, èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn wà, òun náà ń ṣí tán pátá, ìrísí rẹ̀ sì dára.

Atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò ti ní rí ọ̀nà jáde. Yàrá tó ní fèrèsé lójú kan ṣoṣo, bí a bá ti ti ilẹ̀kùn lóru, ó di ìgò. Àwọn ilé àtijọ́ ní Òkè-Àdó àti Òkè-Bọ́lá ní ihò afẹ́fẹ́ lókè ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní òmíràn lábẹ́ òrùlé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe, tí ooru òkè síìlìn ń gbà jáde. Nínú ilé tuntun, ẹ ti rẹ́ gbogbo rẹ̀ pa. Nígbà tí mo bi kàfíńtà kan ìdí rẹ̀, ó ní àwọn onílé kò béèrè fún un mọ́, pé adán ló ń wọlé. Nẹ́ẹ̀tì onírin kékeré kan á dá adán dúró.

Kí ẹ má rò pé ọgbọ́n ayálégbé lásán ni mò ń fọ́nnu, ẹ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù Kẹta. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán-ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló yàwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Àwọn ilé náà tẹ́ẹ́rẹ́, yàrá kan ní fífẹ̀, kí atẹ́gùn tó wọlé níwájú lè jáde lẹ́yìn. Ojú ògiri wọn kún fún ihò tí wọ́n tò bí iṣẹ́ ọ̀nà, oòrùn ń kọsẹ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn ń kọjá. Ẹ dúró nínú ibi ìkàwé ńlá tí wọ́n fi Kenneth Dike sọ lórúkọ, tàbí lórí báńkónì gbọ̀ngán Tedder tàbí Mellanby. Àlejò ni àwọn tó kọ́ ọ, wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè ibi tí oòrùn ń gbà àti ibi tí atẹ́gùn ti ń wá.

Ẹni tiwa náà ṣe é, ó tún ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko ní ìpínlẹ̀ Delta, tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìbàdàn níbí, ló kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan, tó wà nílùú wa. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì mú àgbàlá àárín ilé tí àwọn bàbá wa fi ń gba òjò àti afẹ́fẹ́ padà wá sínú ilé ìgbàlódé. Ní ọdún 2023, níbi àfihàn iṣẹ́ ilé yíyà ti àgbáyé ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn sí yín. Mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ló ti mú ayàwòrán yín lọ wò ó?

Ọ̀rọ̀ igi ló dùn mí jù. Nínú ilé kejì tí mo gbé, igi máńgòrò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìwọ̀ oòrùn. Abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé ń wà lọ́sàn-án. Àwọn obìnrin ń dirun níbẹ̀, àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ ilé ìwé, baba kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbọ́ rédíò. Onílé gé e lọ́jọ́ kan, ó ní ewé rẹ̀ ń dí gọ́tà, pé àwọn ọmọ ń sọ òkò. Ó tẹ́ íntálọ́ọ̀kì sí gbogbo ilẹ̀ àyíká, ó ní ilé ti wá dà bí ilé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ náà lọ́sàn-án. Ooru tó ń ru jáde lára íntálọ́ọ̀kì ń gba ojú fèrèsé wọ yàrá ìsàlẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì jẹ́ tọkọtaya tó ní ọmọ tuntun. Kò pé ọdún, wọ́n kó lọ. Lóòótọ́, igi kì í ṣe òjìji lásán. Ewé rẹ̀ ń mí omi jáde, afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ sì tutù ju ti abẹ́ páànù lọ. Ilẹ̀ tó ní igi tún ń mu omi òjò, èyí tí íntálọ́ọ̀kì kì í fẹ́ mu. Ìlú tó rí omíyalé Ògùnpa ní ọdún 1980, tó tún rí ti oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi.

N kò ní kí ẹ gbin ọdán sẹ́bàá ògiri. Igi ojú ọjà àti iwájú ààfin ni ọdán, gbòǹgbò rẹ̀ á wọ ìpìlẹ̀ ilé lọ. Ṣùgbọ́n máńgòrò, fúrúùtù tàbí dógóyárò tí ẹ gbìn jìnnà díẹ̀ sí ògiri àti sí ṣàláńgá, níhà ìwọ̀ oòrùn, kò ní ṣe ilé níbi. Bí àyè kò bá sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin máa ń bo ògiri láàárín ọdún kan, ẹ ó sì jẹ dòdò níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní àwa ayálégbé gan-an là ń wá sláídìn, pé bí a bá dé ilé tó ní lúfà, a ó ní ilé àtijọ́ ni, a ó lọ síbi tí wọ́n ṣe síìlìn POP sí. Òótọ́ ni ẹ sọ, àwa náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Èmi fúnra mi, ojú síìlìn aláràbarà ni mo wò kí n tó san owó ilé tí mo wà yìí, n kò wo ibi tí yàrá kọjú sí. Ẹ ó tún ní bí a bá ṣí fèrèsé, ẹ̀fọn á wọlé, olè á wọlé. Ẹ̀fọn ni nẹ́ẹ̀tì wà fún, irin fèrèsé sì ti wà ní ilé yín fún olè. Èyí tí kò sí ni nẹ́ẹ̀tì tó dára, torí ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ kan fúrémù rẹ̀ mọ́ fèrèsé onílé, èyí tí ìwé àdéhùn wa sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ́lé tán kò pọ̀. Ẹ kun òrùlé yín ní ọ̀dà páànù funfun. Kì í ṣe láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi omi pò kun ògiri o, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, ó sì ń jẹ páànù alumíníọ̀mù. Ọ̀dà funfun á ta púpọ̀ nínú oòrùn padà síbi tó ti wá. Ẹ ṣí ihò lábẹ́ òrùlé ní ìhà méjì, kí ooru òkè síìlìn lè jáde. Ẹ jẹ́ kí ayálégbé so ẹní tàbí ìbòòji mọ́ ìta fèrèsé rẹ̀. Ẹ wá ibì kan fún jẹnẹrétọ̀ tó jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn, kí àwọn tó kù lè ṣí fèrèsé wọn lóru. Ìgbà tí sláídìn bá bàjẹ́, ẹ má fi sláídìn pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, ọ̀nà ṣì pọ̀ fún yín ju ti ẹni tó ti kọ́ tán lọ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ; ẹ wo ojú oòrùn kí ẹ tó fa okùn ìpìlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé yín kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú gba oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ilé ìwẹ̀ àti ibi ìkẹ́rùsí sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, kì í ṣe yàrá ìbùsùn. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa kó bo fèrèsé. Gbogbo èyí kò fi náírà kan kún owó búlọ́ọ̀kù yín, bí a bá yọ ti etí òrùlé kúrò.

Onílé tèmi náà yóò ka lẹ́tà yìí, mo sì mọ̀ pé yóò mọ̀ pé èmi ni. Bàbá, ẹ má bínú. Àwa ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílé yín ti dá owó jọ fún ọ̀dà òrùlé àti nẹ́ẹ̀tì. Kàfíńtà ti gòkè wo abẹ́ òrùlé níhà méjèèjì, ó ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Àkàbà wà nílẹ̀. Ìyá mi ní àwọn á tún wá kí wa lóṣù Kẹta. Gbólóhùn yín nìkan là ń retí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Ayálégbé kan ní ìlú Ìbàdàn